Ikú Yá Ju Ẹ̀sín: Àyẹ̀wò Ìlò Ìtìjú Nínú Ìpolówó Ìdárayá

1. Ìfáárà

Nígbà tí Yorùbá bá sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, kì í ṣe ìfẹ́ ikú ni wọ́n ń sọ. Bí agbára ìtìjú ti pọ̀ tó ni wọ́n ń sọ: ó lè ti ènìyàn dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ gbé e lọ. Àwọn tí ń polówó ọjà mọ òtítọ́ yìí dáadáa. Láàrin ọdún 1920 sí 1930 ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi ìtìjú ta ọṣẹ, oògùn tí a fi ń yọ ẹnu àti ẹ̀kọ́ ìdárayá. Títí di òní olónìí, ọgbọ́n kan náà ni a ń bá pàdé lára pátákó ẹ̀bá títì àti lójú ẹ̀rọ alágbèéká. Bí a bá sì bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, èsì wọn kì í yàtọ̀: wọ́n ní àwọn ń ta ènìyàn jí ni, nítorí pé ẹni tí ojú kò bá tì kò ní dìde.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú pépà yìí ni pé: ǹjẹ́ òótọ́ ni pé ìtìjú inú ìpolówó ìdárayá ń ta ènìyàn jí, àbí ńṣe ni ó ń pa á lára? Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn àti àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ni èyí, pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ nínú rẹ̀. Èsì wa ni pé ọ̀rọ̀ ni ìpolówó ọjà kí ó tó di ohunkóhun mìíràn. Ó ní ẹni tí ń sọ ọ́, ó ní ẹni tí a ń sọ ọ́ fún, ó máa ń ní ìtàn, ibùdó ìtàn àti ẹ̀dá ìtàn. Bí oníṣègùn bá sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ kan pa ènìyàn lára, iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti fi ibi tí ọ̀bẹ wà nínú ọ̀rọ̀ náà hàn wá.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni a ó yẹ̀ wò: ìtàn Mac tí iléeṣẹ́ Charles Atlas fi polówó ní Amẹ́ríkà, pátákó aláwọ̀ ìyeyè tí iléeṣẹ́ Protein World gbé sí ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní London ní 2015, àti àwọn pátákó ìkìlọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia ní 2011. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá wo ohun tí àwọn olùwádìí rí, kí a tó sọ èrò tiwa.

2. Òṣùwọ̀n tí a ó lò

Kò ní bójú mu kí a ṣe bí ẹni pé Yorùbá kò mọ ìlò ìtìjú. Orin Òkèbàdàn ní Ìbàdàn àti ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti agbègbè rẹ̀ ti tó ẹ̀rí. Ìtìjú ni irinṣẹ́ wọn, àtúnṣe ìlú sì ni wọ́n fi ń ṣe. Nítorí náà, kì í ṣe pé a kórìíra ìtìjú ni a fi ń ṣe àyẹ̀wò yìí. Ohun tí a ń bèèrè ni irú ìtìjú tí ó jẹ́.

Bí a bá wo ìtìjú inú ẹ̀fẹ̀ fínnífínní, a ó rí i pé ó ní òpó mẹ́ta tí ó gbé e ró. Òpó kìíní ni pé abúni àti ẹni tí a bú jọ ń gbé ìlú kan náà ni. Ẹni tí ó kọrin bú ọ lónìí lè bá ọ gbẹ́ sàréè lọ́la, ojú yín yóò sì tún ṣe mẹ́rin lọ́jà. Òpó kejì ni pé ìwà ni ẹ̀fẹ̀ sábà máa ń dojú kọ: olè jíjà, ojúkòkòrò, ìrẹ́jẹ, àgbèrè. Ìwà ni ènìyàn lè fi sílẹ̀. Òpó kẹta ni pé ọ̀nà àbọ̀ wà. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọjọ́ ọdún a máa parí, orin a sì dákẹ́.

Kí a má tan ara wa, àwọn òpó yìí a máa yẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ orin Òkèbàdàn mọ̀ pé wọn kì í fi ara ènìyàn bò, àti pé ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni pàápàá lè gba tirẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ ààlà wà. Afín, abuké àti arọ jẹ́ ẹni òrìṣà; èèwọ̀ ni láti fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ìkòkò ṣe yẹ̀yẹ́, amọ̀kòkò ni ó ń bú. Èyí fi hàn pé àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ènìyàn ń ṣe àti ohun tí ènìyàn jẹ́. Òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a ó fi wọn àwọn iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa: ta ni ń dójú tini? Kí ni ó dójú kọ? Ọ̀nà wo ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ojú tì?

3. Ìwọ̀sí tí ó sọ Mac di ọkùnrin

Angelo Siciliano ni orúkọ àbísọ ẹni tí ayé mọ̀ sí Charles Atlas. Ìlú Acri ní gúúsù Ítálì ni wọ́n ti bí i ní 1892. Ó wà ní èwe nígbà tí wọ́n mú un wá sí Brooklyn. Ní 1921 àti 1922 ó gba ẹ̀bùn nínú ìdíje ẹwà ara tí ìwé ìròyìn Physical Culture ti Bernarr Macfadden ṣe. Ní 1929 òun àti Charles Roman, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpolówó ọjà, da iléeṣẹ́ sílẹ̀ láti máa fi ìwé ránṣẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn ní ìdárayá. Atlas kú ní 1972, ṣùgbọ́n ìpolówó rẹ̀ kò bá a kú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń jáde lẹ́yìn àwọn ìwé ìtàn aláwòrán tí àwọn ọmọkùnrin ń kà.

Ìtàn náà kò gùn. Mac, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó rù kan eegun, wà ní etíkun pẹ̀lú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀. Géńdé sìgbọnlẹ̀ kan ń kọjá, ó fi ẹsẹ̀ ta iyanrìn sí wọn lójú. Mac fọhùn. Géńdé náà gbá a lápá mú, ó ní òun ì bá fọ́ ọ lójú, bí kò ṣe pé ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi lè gbé e lọ. Mac ń lérí pé òun yóò gbẹ̀san. Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ní kí ó má jẹ́ kí ó dùn ún, ó sì pè é ní ọmọ kékeré. Nígbà tí Mac délé, ó ta àga kan nípàá, ó ní òun yóò fi owó sítáḿpù kan dán Charles Atlas wò, kí òun gba ìwé ọ̀fẹ́ rẹ̀. Nínú àwòrán tí ó tẹ̀ lé e, Mac dúró níwájú dígí, apá rẹ̀ ti yi. Ó padà sí etíkun, ó fi ẹ̀ṣẹ́ ba géńdé náà, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ di mọ́ ọn, ó ní ọkùnrin gidi ni, àwọn ènìyàn sì ń kan sáárá sí i.

A kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ọgbọ́n tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí. Àhunpọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ti àlọ́: àìtó, ìwọ̀sí, ìrìn àjò, agbára tuntun, àbọ̀ olúborí. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ipò tí ó fi òǹkàwé sí. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ fún òǹkàwé pé, “Ìwọ ni o gbẹ.” Mac ni ó gbẹ. Òǹkàwé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mac, ó ń bá a bínú, ó sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Bí ìtìjú náà bá tilẹ̀ kan án, ara ẹlòmíràn ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí a bá pa òwe fún ọmọlúàbí. Yàtọ̀ sí èyí, Atlas fúnra rẹ̀ a máa sọ pé òun náà ti jẹ ìyà yìí rí ní etíkun Coney Island nígbà èwe òun. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ó fi ń sọ̀rọ̀ ni ohùn ẹni tí ó ti wà níbi tí òǹkàwé wà. Nípa báyìí, ó súnmọ́ òpó kìíní. Ó súnmọ́ ẹ̀kẹta náà, nítorí pé ohun tí ó ń tà jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọkùnrin lè fi ara rẹ̀ ṣe nínú yàrá láìsí irin kankan. A lè gbà pé àwọn ọmọkùnrin mìíràn dìde lóòótọ́ nítorí Mac.

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ó kù díẹ̀ káàtó. Àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ kò sí nínú ìtàn náà. Láàrin sítáḿpù àti dígí, kò sí àwòrán kan tí a ti rí òógùn lójú Mac. Ìwọ̀sí ni a fi hàn wá, ìṣẹ́gun ni a fi hàn wá. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ owó ni. Èkejì ni àga tí Mac ta nípàá. Àga kò ṣẹ̀ ẹ́. Àwòrán kékeré yìí, tí ó dà bí ẹni pé apanilẹ́rìn-ín lásán ni, sọ òótọ́ tí ìyókù ìpolówó náà fẹ́ bò mọ́lẹ̀: ohun tí ìtìjú kọ́kọ́ bí kì í ṣe ìpinnu, ìbínú ni, ohun tí kò lè fọhùn ni ìbínú náà sì máa ń bá. Ẹ̀kẹta ni òpin ìtìjú náà. Ìtìjú kò tán ní etíkun. Ara Mac ni ó kúrò, ó bọ́ sára géńdé. Ta ni ó lè fi dá wa lójú pé géńdé náà kò ti jẹ́ Mac nínú ìpolówó àná? Nínú ayé ìtàn yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú ni kí a gbé e lé ẹlòmíràn lórí.

4. Ìbéèrè tí ó wà lára ògiri

Ní ìgbà ìrúwé 2015, Protein World, iléeṣẹ́ tí ń ta ìyẹ̀fun tí a ń pò mu dípò oúnjẹ, gbé pátákó aláwọ̀ ìyeyè sí àwọn ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní London. Àwòrán ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ péńpé ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè kan tí a lè tú sí báyìí: “Ǹjẹ́ ara rẹ ti ṣe tán fún etíkun?” Ariwo ta. Ó ju 70,000 ènìyàn lọ tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn mìíràn fi gègé kọ èsì sára pátákó náà fúnra rẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ibùdó. Etíkun ni Mac ti jìyà. Etíkun náà ni pátákó yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe èèṣì. Etíkun ni aṣọ ti ń bọ́ lára, tí ojú sì pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn Mac, etíkun jẹ́ ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè lọ síbẹ̀, títí kan Mac tí ó rù. Nínú ìpolówó London, etíkun ti di ilé tí ó ní ẹnubodè àti oníbodè. A ń dán ara ènìyàn wò kí ó tó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo gbólóhùn náà. Ìbéèrè pèsìjẹ ni. Ọ̀rọ̀ náà, “ṣe tán”, kò lè ní ìtumọ̀ àfi bí àwọn ara kan bá wà tí kò tí ì ṣe tán. Àwòrán tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìdáhùn tí olùkọ́ ti kọ sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó dáàbò bo òǹkàwé nínú ìtàn Mac ni wọ́n ti yọ kúrò. Kò sí ẹ̀dá ìtàn tí yóò gba ìwọ̀sí náà dípò rẹ̀. “Ìwọ” ni a ń bá wí. Kò sí géńdé tí a lè bínú sí, nítorí pé ohùn tí ó ń bèèrè kò ní ojú. Kò sí ẹ̀rín. Kò sí àkókò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iṣẹ́ tí a ní kí ẹnikẹ́ni ṣe. Ohun tí ó kù ni ara kan, ojú kan, àti agolo ìyẹ̀fun.

Ẹgbẹ́ tí ń mójú tó ìpolówó ọjà ní Ìlú Ọba, Advertising Standards Authority, gba ẹ̀sùn 378 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹrin 2015 wọ́n ti sọ pé ìpolówó náà kò gbọdọ̀ jáde mọ́ bí ó ti wà, nítorí ohun tí ó sọ nípa ìlera àti fífọnnù. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀sùn ìtìjú, wọ́n dá a láre ní oṣù keje ọdún náà. Wọ́n ní ńṣe ni ìbéèrè náà ń mú kí òǹkàwé ronú bóyá ara òun rí bí òun ti fẹ́ kí ó rí fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní àwòrán náà kò sì túmọ̀ sí pé irú ara mìíràn kò dára tó.

A kò bá wọn jà lórí òfin. Ohun tí òfin wọn ní kí wọ́n wò ni bóyá ìpolówó náà yóò bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú gidigidi tàbí pé ó ń ṣini lọ́nà ìlera. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀, ìdájọ́ yìí kò dúró. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, tí onílé sì yọjú, tí ó bi í pé, “Ǹjẹ́ o ti wẹ̀ kí o tó wá?”, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé ńṣe ni onílé kàn ń mú kí àlejò ronú nípa omi. Àlejò mọ ohun tí a sọ sí òun. Ìtumọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ nìkan. Ó wà nínú ẹni tí ó sọ ọ́, ibi tí ó ti sọ ọ́, àti ohun tí ó gbé dání nígbà tí ó ń sọ ọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ náà kà ni gbólóhùn. Àwọn arìnrìn-àjò ka ògiri. Ní oṣù kẹfà 2016, Sadiq Khan, olórí ìlú London, kéde pé àwọn ìpolówó tí ń dójú ti ènìyàn nítorí ara wọn kò ní ní àyè mọ́ nínú ọkọ̀ àti ibùdókọ̀ ìlú náà. Ó mẹ́nu ba àwọn ọmọbìnrin òun tí wọ́n ń dàgbà. Ó ka ọ̀rọ̀ náà bí òbí ti í kà á.

5. Ìkìlọ̀ tí a fi ọmọdé ṣe

Ẹnìkan lè sọ pé owó ni ó ba Atlas àti Protein World jẹ́, pé bí ẹni tí kò tajà bá lo ìtìjú, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. Èyí ni ó mú kí iṣẹ́ kẹta ṣe pàtàkì. Ní 2011, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Atlanta, Children's Healthcare of Atlanta, bẹ̀rẹ̀ ètò Strong4Life láti gbógun ti sísanrajù àwọn ọmọdé ní Georgia. Kò sí agolo ìyẹ̀fun níbẹ̀; ète wọn dára. Ìdí tí wọ́n fi le bẹ́ẹ̀ ni pé, gẹ́gẹ́ bí èrò wọn, àwọn òbí kò rí ewu tí ó wà níwájú wọn.

Wọ́n gbé àwòrán dúdú-òun-funfun àwọn ọmọ tí wọ́n sanra sójú pátákó, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ sábẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àwòrán ọmọdébìnrin kan. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ó ṣòro láti jẹ́ ọmọdébìnrin kékeré bí o kò bá kéré. Eré ọ̀rọ̀ ni, ó sì ṣe é ṣe ní èdè tiwa náà, nítorí pé “kékeré” lè jẹ́ ti ọjọ́ orí, ó sì lè jẹ́ ti ìtóbi ara. Ṣùgbọ́n kí ni eré ọ̀rọ̀ yìí ṣe? Ó gba ọmọdé lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó ní nítorí bí ara rẹ̀ ti tóbi tó, kò sí lára àwọn ọmọ kéékèèké mọ́. Kí oúnjẹ tó wọ ọ̀rọ̀ náà, kí eré sísá tó wọ̀ ọ́, wọ́n ti yọ ọmọ náà lẹ́gbẹ́.

Àbùkù tí ó tóbi jù ni pé ẹni tí a ń bá wí yàtọ̀ sí ẹni tí a gbé sójú pátákó. Òbí ni wọ́n fẹ́ kí ojú tì. Ara ọmọ ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Ọmọdé kì í ra oúnjẹ ilé, kì í yan àdúgbò tí wọn yóò gbé, òun kọ́ ni ó ń ṣètò àkókò eré ní iléèwé. Bí a bá tilẹ̀ gbà pé ìwà ni ìtìjú dojú kọ níhìn-ín, ìwà ẹlòmíràn ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìlera tako àwọn pátákó náà, wọ́n sì kúrò nílẹ̀ ní 2012. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ wa ni pé ète rere kò tó láti sọ ìtìjú di oògùn. Òpó mẹ́ta tí a mẹ́nu bà kò béèrè bóyá abúni ní inú rere.

6. Ohun tí ìwádìí fi hàn

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ ni a ń kà. Ó yẹ kí a wo bóyá ara ènìyàn jẹ́rìí sí ohun tí a kà. Ní 2008, Vartanian àti Shaprow rí i pé àwọn tí wọ́n ti jẹ ìyà ẹ̀gàn púpọ̀ nítorí sísanra ni wọ́n túbọ̀ ń fẹ́ yẹra fún ìdárayá. Ní 2013, Sutin àti Terracciano ṣe àyẹ̀wò àgbàlagbà tí ó lé ní 6,000 ní Amẹ́ríkà láàrin 2006 sí 2010. Nínú àwọn tí kò sanrajù ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí wọ́n sọ pé a ti fi ojú burúkú wo àwọn nítorí ara wọn fi nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀ ju àwọn yòókù lọ láti di ẹni tí ó sanrajù. Ní 2014, Jackson, Beeken àti Wardle ṣe irú rẹ̀ fún àgbàlagbà 2,944 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: láàrin ọdún mẹ́rin, àwọn tí wọ́n jìyà ẹ̀gàn fi kílò 0.95 sanra sí i, nígbà tí àwọn tí kò jẹ ẹ́ fi kílò 0.71 fọn. Ní ọdún yẹn kan náà, Major àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn obìnrin kan ní ìròyìn kà nípa bí ayé ti ń kẹ́gàn àwọn tí ó sanra. Àwọn tí wọ́n ka ara wọn sí ẹni tí ó sanra jẹ ìpápánu púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ju àwọn irú wọn tí wọ́n ka ìròyìn mìíràn lọ.

Kí a ṣọ́ra. Púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí yìí dá lórí ẹ̀gàn inú ìgbésí ayé, kì í ṣe lórí pátákó ìpolówó gan-an, ti Major nìkan ni ó sì jẹ́ àdánwò nínú wọn. Síbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Bí ojú bá ti ènìyàn, ibi tí ojú kò sí ni ó ń wá. Bẹ́ẹ̀, ojú ayé ni ìdárayá wà: láti sáré lójú títì, láti lúwẹ̀ẹ́, láti wọ yàrá tí dígí yí ká, kò sí èyí tí a lè ṣe láìjẹ́ pé wọ́n rí wa. Ìpolówó tí ń fi ìtìjú ti ènìyàn lọ sí pápá ti di ilẹ̀kùn pápá mọ́ ọn lójú.

7. Èrò àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn

Kì í ṣe àwọn oníṣòwò nìkan ni ó gbè é lẹ́yìn. Ní 2013, Daniel Callahan, onímọ̀ ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìṣègùn, kọ̀wé pé ó yẹ kí àwùjọ fi ìtìjú díẹ̀ kún ọ̀nà tí a fi ń bá sísanrajù jà. Ó rántí bí ìtìjú ti ran òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀. Èrò yìí kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀rí ẹni tí ó dìde ni. Ṣùgbọ́n òpó kejì ni ó dá a lóhùn. Sìgá mímu jẹ́ ohun tí à ń ṣe. Ẹni tí ojú tì lè ju sìgá nù lónìí, kí ó sì wọ àárín ẹgbẹ́ lọ́la bí ẹni tí kò mu ún rí. Ta ni ó lè bọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Ẹni tí ó ti ń sáré láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta ṣì ń ru ara tí pátákó ń bú. Ìtìjú kò mọ̀ pé ó ti dìde.

Àríyànjiyàn kejì ni pé ìtìjú ń tajà. Protein World fúnra rẹ̀ sọ pé ariwo ọdún 2015 mú àwọn oníbàárà wá fún òun. A gbà. Ṣùgbọ́n ọjà tí ó tà kì í ṣe ara tí ó le. Ìtìjú lè mú ọwọ́ dé àpò láìmú ẹsẹ̀ dé pápá. A sì ti rí i nínú ìtàn Mac pé láàrin sítáḿpù àti dígí, òfìfo ni.

Ní oṣù kìíní 2015 yìí kan náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà, Sport England bẹ̀rẹ̀ ìpolówó This Girl Can. Ohun tí wọ́n ti rí ni pé ìbẹ̀rù ojú ayé ni ó ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró sílé. Nítorí náà, wọ́n fi àwọn obìnrin onírúurú ara hàn nínú òógùn, wọ́n ń sáré, wọ́n ń jó, ara wọn ń mì. Lẹ́yìn náà wọ́n ròyìn pé obìnrin mílíọ̀nù 2.8 sọ pé ìpolówó náà mú kí àwọn ṣe ìdárayá tàbí kí àwọn fi kún un. Ẹnu àwọn obìnrin náà ni iye yìí ti wá, kò sì yẹ kí a gbé e ju bí ó ti mọ lọ. Ohun tí ó kan lámèyítọ́ ni àwòrán tí ó kún inú rẹ̀: òógùn, èyí tí Mac kò ní, tí ọ̀dọ́bìnrin orí pátákó ìyeyè náà kò sì ní.

8. Ìkádìí

Èrò wa ni pé ìtìjú inú ìpolówó ìdárayá ń pani lára ju bí ó ti ń tani jí lọ, àti pé a lè rí ìdí rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí ìtìjú bá ti ń kúrò nínú ìtàn, tí ó ń bọ́ sí “ìwọ”. Bí ó bá ti ń kúrò lórí ìṣe, tí ó ń bọ́ sórí ara. Bí ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀ bá ti ń di ohun tí a ń fi owó rà, bẹ́ẹ̀ ni ìpalára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ìtàn Mac, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe rẹ̀, fi sàn ju pátákó London lọ, tí pátákó Georgia sì fi ba ni nínú jẹ́ jù, nítorí pé ọmọdé ni wọ́n fi ṣe é.

Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni a ó fi parí. Àwọn tí ń polówó ọjà gbọ́ pé ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n sì rò pé wọ́n ti rí ohun tí a lè fi ti ènìyàn. Wọn kò gbọ́ ọ tán. Ẹni tí ó ń pa òwe yìí ń sọ fún wa pé ẹ̀sín wúwo débi pé ènìyàn lè yan ikú dípò rẹ̀. Ìkìlọ̀ ni fún ẹni tí ó fẹ́ fi ẹlòmíràn ṣẹ̀sín, pé kí ó mọ ìwọ̀n ohun tí ó gbé dání. Àwọn ìpolówó àgúnmu àti tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé ń dún lórí rédíò tiwa náà, ní èdè tiwa. Ó yẹ kí ẹnìkan nínú wa gbé òṣùwọ̀n yìí lé wọn, kí a lè mọ irú ọwọ́ tí wọ́n fi ń na ọmọ, àti bóyá wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún.